Ìyá Tó Kọ̀ Láti Kú Lórí Ìtàgé

Ojúlé Kẹsàn-án, Ẹ̀yìn Ọjà,
Àgọ́-Ìwòyè,
Ìpínlẹ̀ Ògùn.
Ọjọ́ Kejìdínlógún, Oṣù Kẹsàn-án, 2025.

Tóyọ̀sí, ọ̀rẹ́ mi ọ̀wọ́n,

Báwo ni gbogbo yín ní Ìwópin? Ẹsẹ̀ tó ń dun Màmá ńkọ́, ṣé wọ́n ti ń lè tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀? Àwọn ọmọ ńkọ́, àti bàbá wọn tó ń re odò? Èmi àti ọkọ mi wà níbí, a ń dúpẹ́. Ó kàn rẹ̀ mí ni. Kì í ṣe àárẹ̀ àìsàn o, má jẹ́ kí ọkàn rẹ dàrú. Má sì wo ìkọ̀wé mi, ìwé mẹ́fà náà ni mo kà.

Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì kan ló gbé aṣọ eré ìtàgé wá fún mi rán. Adéṣínà ni orúkọ ọmọkùnrin tó kọ eré náà, òun náà ló ń darí rẹ̀. Ó dá lórí ìyá kan tó ń jẹ́ Nàìjíríà, tó bí ọmọkùnrin mẹ́ta. Àwọn ọmọ ń jà sí ìró ìdí rẹ̀, wọ́n ń fà á títí tó fi ya. Ìyá á ṣubú, á kú, wọ́n á sì fi aṣọ funfun bò ó. Tóyọ̀sí, gbọ́ èyí: nígbà tó ku ọjọ́ márùn-ún kí eré wáyé, ọmọbìnrin tó fẹ́ ṣe Nàìjíríà rí físà gbà, ó bá gba Kánádà lọ! Ọkọ mi ní, "Háà, Nàìjíríà fúnra rẹ̀ ti jápa!"

Bí wọ́n ṣe wá bẹ̀ mí nìyẹn. Aṣọ náà bá mi mu, wọ́n sì ti ń ṣe ìdánrawò níwájú ṣọ́ọ̀bù mi láti ọjọ́ pípẹ́, mo ti mọ gbogbo ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ sórí. Èmi tí ojú ń tì láti kí èèyàn ní ṣọ́ọ̀ṣì! Ṣùgbọ́n mi ò mọ bí wọ́n ṣe ń sọ pé rárá. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo kú fún wọn níbi ìdánrawò, Adéṣínà ní mo mọ̀ ọ́n kú.

Láàárọ̀ Sátidé tí a máa ṣeré, mo lọ sí ilé ìwòsàn nítorí èébì. Nọ́ọ̀sì ní oyún oṣù méjì ni. Ọkọ mi ti lọ ra ọjà ní Ìjẹ̀bú-Òde, mi ò rí ẹni sọ fún. Gbogbo ọ̀nà tí mo ń bọ̀, aṣọ funfun yẹn ni mo ń rò. O mọ ohun táwọn ìyá wa máa ń sọ, pé aboyún kì í dùbúlẹ̀ bí òkú. Bí mo bá ní mi ò ṣe mọ́, wọ́n á bi mí ní ìdí, oyún oṣù méjì kì í sì í ṣe ohun tí a ń kéde. Mo kàn wọ aṣọ Nàìjíríà, mo sì lọ sí gbọ̀ngán.

Nígbà tó dé ibi ikú, Hafeez tó ṣe àbíkẹ́yìn tì mí. Mo fì síwá, mo fì sẹ́yìn, mi ò ṣubú. Ó tún tì mí. Níkẹ́, akẹ́kọ̀ọ́ tó máa fi aṣọ bò mí, ti gbé aṣọ funfun jáde, ó ń sọ ọ́ sí mi létí, "Àǹtí, ẹ kú! Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tètè kú!" Mo gbá a lọ́wọ́ mú.  Kò sí ọ̀rọ̀ kankan nínú ìwé eré tí mo lè sọ, ni Ìjẹ̀bú bá yọ lẹ́nu mi. Mo ní ó ti rẹ̀ mí o, gbogbo ara ló ń ro mí, ṣùgbọ́n mi ò ní dùbúlẹ̀ fún ẹnikẹ́ni lónìí. Kí wọ́n ká aṣọ yẹn kúrò níwájú mi. Bàbá arúgbó kan pariwo láti ẹ̀yìn, "Dúró gbọin-in, ìyá! Má dá wọn lóhùn!" Ni gbogbo èèyàn bá dìde. Àwọn agùnbánirọ̀ tó wá láti òkè Ọya àti ilẹ̀ Ìgbò, tí wọn ò gbọ́ ẹyọ kan nínú Ìjẹ̀bú mi, ń pàtẹ́wọ́. Hafeez wò mí títí, ó dọ̀bálẹ̀. Ibẹ̀ ni eré parí sí.

Inú bí Adéṣínà. Ó ní òun fẹ́ kí àwọn òǹwòran sunkún, kí wọ́n mọ̀ pé ọwọ́ àwọn náà ni ìyá kú sí, ṣùgbọ́n mo ti jẹ́ kí wọ́n lọ sùn fọkànbalẹ̀. Àbí irọ́ ló pa? Láti ọjọ́ Ìṣẹ́gun a ò rí iná, àwọn tó pàtẹ́wọ́ yẹn náà ló ń ti ara wọn ṣubú nílé epo. Mo sunkún délé lálẹ́ ọjọ́ eré yẹn.

Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà, bí mo bá jáde, wọ́n á ní, "Ìyá Nàìjíríà, ẹ kú ìdúró o!" Tíṣà kan sọ fún mi pé òun ti ń múra àtikúrò nílùú yìí, ṣùgbọ́n ní báyìí, òun á ṣì dúró wò ó ná. Ẹ̀rù bà mí. Wọn ò mọ̀ pé ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ.

Lánàá, Adéṣínà wá sí ṣọ́ọ̀bù. Wọ́n ti pè wá sí àdúgbò Atíkórí ní Ìjẹ̀bú-Igbó fún ọjọ́ òmìnira, wọ́n ní ìyá tí kò kú làwọn fẹ́. Ó fa bírò yọ. "Àǹtí, kí lẹ ń rò lọ́kàn nígbà tẹ́ ẹ kọ̀? Kí n lè kọ ọ́ síbẹ̀."

Tóyọ̀sí, mi ò ro Nàìjíríà rárá! Ọmọ mi nìkan ni mo rò. Wọ́n ń kí mi fún ohun tí mi ò ṣe, ìyẹn gan-an ló ń rẹ̀ mí. Mo ranṣọ títí, mo wá ní kó kọ ọ́ pé ìyá náà ṣì ní ọ̀kan nínú, tí àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tó ń jà kò tíì mọ̀.

Ó kọ ọ́. Ó gbójú sókè, ó rọra ní, "Ẹ kú oríire, Àǹtí."  Mo dojú bolẹ̀, mo ń rẹ́rìn-ín sí aṣọ ọwọ́ mi.

Bá mi kí Màmá àti bàbá àwọn ọmọ, fi ẹnu ko àwọn ọmọ lẹ́nu fún mi. Ìyá ọkọ mi ò tíì gbọ́ o, nítorí náà, pa á mọ́ síkùn.

Èmi ni, ọ̀rẹ́ rẹ láti kékeré,
Ọ̀rẹ́dọlá.