Ohun tí Issahaku Sọ Pẹ̀lú Àwẹ̀ Lẹ́nu

                                        Agbo Ilé Bàbá Ìgè,
                                        Zogbeli, Tamale,
                                        Gáná.
                                        Ọjọ́ 29, Oṣù Kọkànlá, 1969.

Làbákẹ́, ọ̀rẹ́ mi ọ̀wọ́n tó dà bí ọmọ ìyá,

Ṣé àlàáfíà lẹ wà l'Ógbómọ̀ṣọ́? Bàbá àwọn ọmọ ńkọ́? Orúnkún tó ń dun Màmá ńkọ́, ṣé ó ti ń fúyẹ́? Ẹ kú àwẹ̀ o, Ọlọ́run yóò gbà á. Ara wa le níbí, ṣùgbọ́n ọkàn wa kò balẹ̀.

Ẹ ó ti gbọ́ pé ìjọba fún àjèjì tí kò níwèé ní ọ̀sẹ̀ méjì kó fi kúrò ní Gáná. Rédíò Lọ́ńdọ̀nù ń wí pé ó lòdì sí ẹ̀tọ́ ọmọ ènìyàn, pé gbogbo ayé ń bínú. Mo gbọ́. Ṣùgbọ́n ìbínú ayé kò bá ẹnikẹ́ni di ẹrù ní Zogbeli. Mùsbáù ọkọ mi, ilé lọ́hùn-ún ni wọ́n bí i sí, kò sí bó ṣe fẹ́ ṣe é. Èmi ńkọ́? Ibí ni wọ́n bí ìyá mi sí, ibí ni wọ́n bí mi sí. Akọ̀wé ní ọ́fíìsì sọ pé bí ọmọ onílẹ̀ kan tó lórúkọ bá lè jẹ́rìí sí i, èmi àti àwọn ọmọ mi mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lè dúró.

Ta ni mo tún fẹ́ bá lọ, bí kì í bá ṣe Issahaku? O mọ̀ pé àìsàn dá ìyá mi gúnlẹ̀ nígbà tí mo wà lọ́mọ oṣù mẹ́ta, tí Amama, ìyá Issahaku, ń fún èmi àti ọmọ tirẹ̀ lọ́mú pọ̀. O rántí pé nígbà tí Issahaku fẹ́ fẹ́ mi, Lèmọ́mù ní èèwọ̀ ni, pé àwọn tó mu ọmú kan náà, tẹ̀gbọ́n tàbúrò ni wọ́n. Mo sunkún lọ́jọ́ náà, ìwọ tó ṣì wà níbí nígbà náà sì bá mi sun ún. Láti ìgbà yẹn, àbúrò òun ló ń pè mí lójú gbogbo Tamale. Nígbà tí mo sọ ọ̀rọ̀ ìwé yìí fún un, ó ní kí n lọ fọkàn balẹ̀, pé ta ni ìbá tún jẹ́rìí mi bí kò ṣe òun.

Lọ́jọ́rú, a jọ lọ. Kò wo ojú mi. Ó fi Dàgbánì, èdè àwọn onílẹ̀, sọ fún akọ̀wé pé ọmọ ọwọ́ ni wọ́n gbé mi ti Nàìjíríà wá, pé ìyá òun kàn ṣàánú ọmọ àjèjì ni. Pẹ̀lú àwẹ̀ lẹ́nu, Làbákẹ́. Nígbà tí a jáde, ó ní kí n má bínú, pé ẹgbẹ́ òṣèlú òun ti kìlọ̀ pé ẹni tó bá gbè lẹ́yìn àjèjì kò ní rí ipò kankan. Ká ní Amama ṣì wà láyé ni, ìbá gbá a létí. Bí ikú ilé ò bá pani, tòde ò lè pani. Inú tó ń bí mi sí i ju èyí tó ń bí mi sí ìjọba lọ.

Ọjọ́ Ajé la ó wọkọ̀. Jọ̀ọ́, bá wa wá yàrá méjì nítòsí yín. Asana, ọmọ mi kejì, tó ń gbọ́ Yorùbá ṣùgbọ́n tí kò lè sọ ọ́ dáadáa, ń bi mí bóyá wọn ò ní fi òun ṣe yẹ̀yẹ́ níbẹ̀. Mo ní rárá. Má jẹ̀ẹ́ kí n ti purọ́ fún un.

Bá mi kí Màmá àti bàbá àwọn ọmọ. Kí Àbdùsàlámì àkọ́bí yín náà, sọ fún un pé mo gba lẹ́tà rẹ̀.

Mo fẹ́ di lẹ́tà yìí, ṣùgbọ́n ọ̀kan ṣì kù lọ́kàn mi. Lánàá, mo lọ kírun Jímọ̀ ìkẹyìn wa níbí. Lẹ́yìn ìrun, ẹnì kan fi Háúsá gbàdúrà fún àwa tó ń lọ, pé kí Ọlọ́run ṣọ́ wa lọ́nà, kí ilé gbà wá. Àwa obìnrin tó wà lẹ́yìn aṣọ títa kò rí i, àwẹ̀ sì ti mú ohùn rẹ̀ há. Mo ti ṣe àmín lẹ́ẹ̀mẹta kí n tó mọ̀ pé Issahaku ni.

Èmi ni tìrẹ, tí ń bọ̀ lọ́nà,
Sàfúrátù.