Àwo Ọbẹ̀ Kejì Tó Wà Lórí Tábìlì Ọkọ Mi

Admin, ẹ bá mi fi orúkọ mi pamọ́, torí Kétu ò tóbi tó bí ẹ ṣe rò. Mo ti ń jẹun nínú ààwẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n tètè sọ ọ́ báyìí kí ara lè tù mí díẹ̀. Ààwẹ̀ ọjọ́ mọ́kànlélógún ni èmi àti ọkọ mi jọ ń gbà, láti àárọ̀ títí di aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́, torí ọmọ. Ọdún kẹrin tí a ṣègbéyàwó rèé, a ò tíì rí nǹkan kan... ìyá rẹ̀ ní Odomèta sì ti sọ ọ́ létí mi pé bí àdúrà yìí ò bá gbà, kí ọmọ òun lọ fẹ́ ẹlòmíì.

Ọjọ́ kẹta ni mo yẹ̀. Nọ́ọ̀sì ni mí, ọ̀nà Idigny ni ibi iṣẹ́ mi wà, ẹ sì mọ bí ọyẹ́ ọdún yìí ṣe rí, lórí zẹ́mì, ọ̀kadà tó ń gbé wa, láàárọ̀ ètè mi á bẹ́, ìka mi á kú. Létí ọ̀nà yẹn, obìnrin kan ń ta oúnjẹ níbẹ̀, Tátà ni gbogbo wa ń pè é, ìyá rẹ̀ jẹ́ ará Viẹtnáàmù tí sójà kan gbé wálé láti ojú ogun àwọn Faransé láyé àtijọ́. Ọbẹ̀ ẹran màlúù tí ìyá yẹn kọ́ ọ ló ń sè. Ẹ̀yin tí ẹ ti jẹ ẹ́ rí mọ ohun tí mò ń sọ... ẹran tó jinná dénú egungun, kárọ́ọ̀tì, ewé tíì tí à ń sè mu nígbà ibà, àti èso gbígbẹ kan tó rí bí ìràwọ̀, òun ló ń ta sánsán yẹn. Búrẹ́dì ni wọ́n ń rẹ sínú omi rẹ̀ jẹ. Mo ní kí n kàn yáná díẹ̀ ni o! Kí n tó mọ̀, mo ti ń fi búrẹ́dì nu ìsàlẹ̀ àwo. Mo ti lọ tó ìgbà méje báyìí, àárọ̀ ni mo máa ń lọ.

Ohun tó wá ń dà mí láàmú rèé. Olùkọ́ ni ọkọ mi ní kọlẹ́ẹ̀jì, òun ló sì ń ṣíwájú àdúrà nílé wa. Lọ́jọ́ Ọjọ́rú kan ó bọ́ ẹ̀wù òtútù rẹ̀ fún mi pé kí n fọ̀ ọ́, mo gbé e símú... òórùn èso yẹn ni. Kò sí ẹlòmíì tó ń fi í se ọbẹ̀ ní gbogbo àdúgbò wa. Kí ni kí n sọ? Tí mo bá bi í pé òórùn kí nìyí, á bi mí pé níbo ni mo ti mọ̀ ọ́n. Mo fọ ẹ̀wù, mo sá a sórí okùn. Lọ́jọ́ Ẹtì, òórùn yẹn tún ni. Ó ní ilé àdúrà lòun ti ń bọ̀. Ilé àdúrà wo ni wọ́n ti ń se ẹran? Ṣé obìnrin ni? Ta ló ń bá a jẹun?

Ọjọ́rú tó kọjá yìí, mo tọrọ àyè níbi iṣẹ́ lọ́sàn-án, mo lọ sọ́dọ̀ Tátà. Alùpùpù ọkọ mi wà níta. Mo yọjú lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, mo rí i, ó kẹ́yìn sí mi. Àwo kan wà níwájú rẹ̀, àwo kejì wà ní òdìkejì tábìlì, ó ń rú èéfín, búrẹ́dì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, àga ibẹ̀ sì ṣófo. Mi ò lè dúró wo ẹni tó máa wá jókòó. Mo pe zẹ́mì, mo sá lọ. Ní aago mẹ́fà a jọ fi àkàsà ṣínu, ó gbàdúrà gígùn, ó dúpẹ́ pé Ọlọ́run fún àwa méjèèjì lókun, ojú mi ló sì ń wò bó ṣe ń sọ ọ́. Kí ló ń wò?

Àná mo lọ bá Tátà, mo fẹ́ wádìí obìnrin náà ni. Mi ò tíì la ẹnu tó fi gbé àwo síwájú mi. Ó ní, "Ọkọ yín ti sanwó tiyín. Gbogbo Ọjọ́rú àti Ẹtì ló ń gba méjì, á dúró dè yín títí, ẹ ò ní wá. Ó ní kí n má fi ata púpọ̀ sí i, pé ẹ kì í jẹ ẹ́."

Ó ti mọ̀! Láti ìgbà wo? Ta ló sọ fún un, ṣé onízẹ́mì ni? Ṣé ó mọ̀ọ́mọ̀ bọ́ ẹ̀wù yẹn fún mi kí n lè gbóòórùn rẹ̀ ni? Ṣé ìfẹ́ lèyí, àbí ó ń dẹ mí wò, kó lè rí nǹkan sọ fún ìyá rẹ̀ bí ọmọ ò bá dé, pé ẹnu mi ló bà á jẹ́? Mo ní òun náà ṣáà ń jẹ... àbí kò jẹ? Ẹ̀yìn rẹ̀ ni mo rí, mi ò rí ọwọ́ rẹ̀ nínú àwo. Ẹ̀rù ò sì jẹ́ kí n bi Tátà.

Ẹ̀yin ará, mo jẹ àwo tó sanwó rẹ̀ yẹn tán lánàá, ata ibẹ̀ ò pọ̀ lóòótọ́, omijé ni mo fi jẹ ẹ́. Òní ni Ọjọ́ Ẹtì. Á wà níbẹ̀ lọ́sàn-án yìí. Ṣé kí n wọlé lọ jókòó sórí àga yẹn, àbí kí n ṣe bí ẹni tí ò mọ nǹkan kan títí ààwẹ̀ á fi parí? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tètè dá mi lóhùn, aago mẹ́wàá ti kọjá.