Ẹ̀bẹ̀ Tí Mo Bẹ Dígí ní Ìkẹjà

Ojúlé Kejì sí Mọ́ṣáláṣí Kékeré,
Ìjẹ̀bú-Imusin.
Ọjọ́bọ̀, ọ̀sẹ̀ kẹta lẹ́yìn Iléyá.

Hanifah ọmọ mi ọ̀wọ́n,

Àsàlámù aláékùm. Ṣé àlàáfíà lo wà? Ṣé ara le? Kí Ọlọ́run Ọba má fi ojú wa sunkún ara wa, kí Èkó tí o lọ wá jíjẹ mímu sí má fi ọ́ ṣe jíjẹ. Àmín. Bí o bá ń bi wá, a wà, a dúpẹ́. Ìyá rẹ Ràmọ́tà ń kí ọ, orúnkún òsì ń dùn ún, ṣùgbọ́n ẹnu kò dùn ún, ìwọ náà mọ̀ ọ́n.

Ọ̀rọ̀ kan wà tí mo fẹ́ sọ fún ọ tí kò ṣeé sọ lórí fóònù. Mo ṣe ohun kan ní ibi iṣẹ́ rẹ ní Ìkẹjà lọ́jọ́ Mọ́ńdè tó kọjá, ojú sì ń tì mí débi pé bí wọ́n bá ti kírun tán ní mọ́ṣáláṣí báyìí, ẹ̀yìn ni mò ń gbà jáde. Mo fẹ́ kí o gbọ́ ọ lẹ́nu mi kí o tó gbọ́ ọ lẹ́nu ẹlòmíràn, nítorí àwọn kan ń fi fóònù ya àwòrán wa níbẹ̀. Ìdí tí mi ò fi pè ọ́ ni pé rédíò ní ẹ̀rọ kan wà báyìí tó ń gbọ́ gbogbo ohun tí ènìyàn bá ń sọ. Ìyá rẹ ti ń fi gèlè bo fóònù lójú bí a bá fẹ́ sọ̀rọ̀ ilé. Mo ní etí ni kó bò, kì í ṣe ojú, àmọ́ a kò tíì mọ ibi tí etí rẹ̀ wà.

Kí n tó débẹ̀, jẹ́ kí n ròyìn ilé díẹ̀, nítorí ọ̀rọ̀ náà ti ibẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Ẹgbẹ́ òṣèlú tiwa ní wọ́ọ̀dù yìí ti fọ́ sí méjì, alága méjì la sì ní. Ọ̀kan á dé sí ọ́fíìsì láàárọ̀, á já àgádágodo ẹnì kejì, á fi tirẹ̀ sí i. Bó bá di ìrọ̀lẹ́, ẹnì kejì á dé, á já tiẹ̀ náà. Ẹni tó ń ta àgádágodo nìkan ni ìṣèlú yìí ń sàn fún. Alága àárọ̀ ní òun ti lé alága ìrọ̀lẹ́ kúrò nínú ẹgbẹ́, alága ìrọ̀lẹ́ náà ní òun ti lé alága àárọ̀, àwa ọmọ ẹgbẹ́ wá ń bẹ̀rù pé bí wọ́n bá lé ara wọn tán, àwa ló kù tí wọn yóò lé. Mo ń fẹsẹ̀ kan lọ láàárọ̀, mo ń fẹsẹ̀ kan lọ nírọ̀lẹ́.

Ọjọ́ tí wọ́n ròyìn ìjà yẹn lórí rédíò ni oníròyìn fi kún un pé àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá ní Èkó ń dá òṣìṣẹ́ dúró rẹpẹtẹ, pé ẹ̀rọ tó ní làákàyè ni wọ́n ń fi rọ́pò wọn, àti pé àwọn tó ń dá oníbàárà lóhùn lórí fóònù ni ọ̀rọ̀ náà kọ́kọ́ kàn. Iṣẹ́ tìrẹ gan-an nìyẹn. Ìyá rẹ bú sẹ́kún. Mo ní kó dákẹ́, mo ní kò sí ẹ̀rọ tí kò ní ọ̀gá, kò sì sí ọ̀gá tí a kì í bẹ̀. Ọwọ́ Ọlọ́run ni iṣẹ́ wà lóòótọ́, àmọ́ àwọn àgbà náà ní ẹsẹ̀. Bí wọ́n bá fẹ́ lé ọmọ ẹni níṣẹ́ nílẹ̀ wa níbí, àwọn àgbà á dìde, wọ́n á lọ ṣìpẹ̀. Ṣebí bí a ṣe gba iṣẹ́ àbúrò ìyá rẹ padà lọ́jọ́sí nìyẹn? Ọ̀gá yẹn kọ̀ lẹ́ẹ̀kíní, ó kọ̀ lẹ́ẹ̀kejì, nígbà tí a dọ̀bálẹ̀ lẹ́ẹ̀kẹta ó ní òun ti gbọ́.

Mo pe Sàlàkọ́, ẹni tí a jọ ṣiṣẹ́ gẹdú nígbà ọ̀dọ́ wa, mo pe Fàtímọ̀ olórí àwọn obìnrin àṣàlátù. Mo gba ìwé lọ́wọ́ alága àárọ̀ pé ọmọ ilé ire ni ọ́, mo sì padà lọ gba ọ̀kan lọ́wọ́ alága ìrọ̀lẹ́, nítorí a kò mọ èyí tí wọ́n mọ̀ ní Èkó. Ìyá rẹ ro ìkọ́kọrẹ́ sínú kúlà, ó di gàrí kíkan sínú àpò, ó ní ẹni tí a fẹ́ bẹ̀, a kì í bẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́ òfìfo. A wọkọ̀ ní Ìjẹ̀bú-Òde. A kò sọ fún ọ nítorí a fẹ́ kí o kàn gbọ́ pé wọn ò ní yọ ọ́ mọ́.

A dé ilé-iṣẹ́ yín. Ẹ ní ilé, Hanifah, òtútù inú rẹ̀ tó ti ọyẹ́. Kò sí ènìyàn kankan nídìí tábìlì tí wọ́n ti ń gba àlejò. Dígí kan ló wà níbẹ̀ tó tó ilẹ̀kùn, obìnrin kan dúró nínú rẹ̀ tòun ti aṣọ ilé-iṣẹ́ yín, ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́. Kí a tó yanu, ó ti fi Yorùbá kí wa káàbọ̀, ó ní kí ni òun lè ṣe fún wa. Inú wa dùn. Èmi rò pé ọ̀gá náà ń bẹ nínú yàrá kan lókè, pé àwòrán rẹ̀ ló ń rán sí wa bí àwọn àáfà ṣe ń wàásù lórí tẹlifíṣàn. Mo sọ fún Fàtímọ̀ pé ohùn ọmọ yìí wọ̀ mí létí, pé ẹni tó tọ́ ọ kò fi ọwọ́ yẹpẹrẹ tọ́ ọ. Fàtímọ̀ ní ìyá rẹ̀ á jẹun ọmọ.

Bẹ́ẹ̀ la dọ̀bálẹ̀, èmi àti Sàlàkọ́. Fàtímọ̀ kúnlẹ̀. Mo ní a wá bẹ̀bẹ̀ nítorí Hanifah ọmọ Yẹ̀kínì, kí wọ́n fojú àánú wò ó. Obìnrin náà ní kò yé òun, kí a jọ̀wọ́ tún un sọ. Sàlàkọ́ fọwọ́ tọ́ mi nílẹ̀ níbẹ̀, ó ní iṣẹ́ ti ń ṣe, pé bí ẹni ńlá ṣe ń kọ ẹ̀bẹ̀ àkọ́kọ́ nìyẹn. A tún un bẹ̀. Ó ní kí a fi ìwé ìdánimọ̀ wa han òun. Mo tẹ ìwé alága àárọ̀ mọ́ dígí, ó ní òun kò dá a mọ̀. Mo tẹ ti alága ìrọ̀lẹ́ mọ́ ọn, ó ní òun kò dá èyí náà mọ̀. Sàlàkọ́ ní òun ò bá ọmọ náà wí, pé àwa tí a wà nílé gan-an kò dá wọn mọ̀ mọ́.

Lẹ́ẹ̀kẹta mo na gbalaja. Àyà mi kan táìsì, iwájú orí mi kàn án, fìlà mi yí lọ sídìí ìkòkò òdòdó. Mo bẹ̀ ẹ́ bí mi ò ṣe bẹ ẹnikẹ́ni rí láyé. Ó wá sọ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ pé òun dúpẹ́, pé nínú máàkì márùn-ún, mélòó ni a fún òun. A jọ kígbe pé márùn-ún. Ayọ̀ mú mi, mo rò pé ẹ̀bẹ̀ ti wọlé, mo bá gbàdúrà fún un sórí gàrí níbẹ̀. Mo ní kí ipò rẹ̀ má bọ́, kí ẹnikẹ́ni má gbapò rẹ̀, kó pẹ́ lórí ìjókòó yẹn. Fàtímọ̀ ń ṣe àmín.

Ẹ̀ṣọ́ ẹnu ọ̀nà ló wá gbé mi dìde. Zayd lorúkọ rẹ̀, ọmọ Ayépé ni, ó sì ní ẹ̀kọ́ ilé. Ó gbọn eruku àyà mi, ó mú fìlà mi wá, ó ní bàbá, ta lẹ ń wá. Mo dárúkọ rẹ. Ó wolẹ̀. Mo ní ṣé kò mọ̀ ọ́n ni. Ó ní òun mọ̀ ọ́n dáadáa, pé o kì í kọjá lára òun kí o má kí òun, àmọ́ wọ́n ti dá ẹ̀yin ogójì ó lé dúró láti inú ààwẹ̀.

Mo ní irọ́ ni. Mo ní ọmọ mi fi owó àgbò ránṣẹ́ nígbà Iléyá, ẹni tí wọ́n lé níṣẹ́ kì í ra àgbò. Zayd kò bá mi jiyàn. Ó ní oṣù mẹ́ta gbáko ni wọ́n fi ń kó yín sínú yàrá kan kí ẹ tó lọ, tí ẹ ń ka ọ̀rọ̀ sétí ẹ̀rọ kí ó lè kọ́ bí ènìyàn ṣe ń dá ènìyàn lóhùn, àti pé nígbà tí ó mọ̀ ọ́n tán ni wọ́n fún yín ní ìwé. Ó wá fọwọ́ sí dígí yẹn, ó ní Yorùbá tó ń sọ, ohùn Hanifah ni.

Hanifah, ìwọ ni mo dọ̀bálẹ̀ fún. Bàbá kì í dọ̀bálẹ̀ fún ọmọ, èèwọ̀ ni, mo sì ṣe é lẹ́ẹ̀mẹta lójú àlejò. Àmọ́ kì í ṣe ìyẹn ló ń jẹ mí lọ́kàn jù. Ohun tó ń jẹ mí ni pé èmi tí mo kọ́ ọ ní ọ̀rọ̀ sísọ, mi ò dá ohùn rẹ mọ̀. Mo dùbúlẹ̀ mo rò ó, mo wá mọ ìdí rẹ̀. Láti ìgbà tí o ti wà ní Èkó, bí o bá ti pè, iye tí o fẹ́ fi ránṣẹ́ nìkan ni etí mi ń dúró dè. Bí o bá ti dárúkọ rẹ̀ tán, mo ti ń wá ẹni tí yóò gba fóònù lọ́wọ́ mi. Mi ò gbọ́ ohùn rẹ rí, ọmọ mi. Owó ni mò ń gbọ́.

Àgbò yẹn náà ńkọ́? Mo fà á káàkiri àdúgbò kí a tó pa á. Mo dúró pẹ̀lú rẹ̀ ní gbangba kí wọ́n lè bi mí pé ta ló rà á, bí ẹnikẹ́ni kò bá sì bi mí, mo ń sọ fún wọn. Kí lo jẹ ní oṣù yẹn? Kí lo fi san owó ilé? Mo jẹ ẹran náà, mo ta eyín, mo tún ní kò sanra tó ti èṣí. Ìwọ gbọ́ ọ lórí fóònù, o ní kí n má bínú. Bí mo bá ti rántí gbólóhùn yẹn, ilẹ̀ ni mò ń wò.

Nígbà tí a ń padà bọ̀, ọkọ̀ wa ti kọjá Ṣàgámù. Mo ti ń kó ọ̀rọ̀ jọ sínú pé n ó bá ọ wí, pé kí ló dé tí o fi ń parọ́ fún bàbá rẹ. Sàlàkọ́ ló rí ojú mi. O kò mọ ìtàn yìí, nítorí mi ò sọ ọ́ nílé rí. Sàlàkọ́ ló mú mi wọ igbó gẹdú. Òun ló kọ́ mi bí a ti ń mọ ibi tí igi yóò wó sí, àti bí a ti ń là á tí kò fi ní ya dànù. Ọwọ́ ni wọ́n fi ń fa ayùn nígbà náà, ọkùnrin méjì sídìí igi kan. Nígbà tí mo mọ̀ ọ́n tán, ọ̀gá wa ra ẹ̀rọ ayùn, èmi ló sì gbé e lé lọ́wọ́ nítorí mo kéré lọ́jọ́ orí. Láàárín ọ̀sẹ̀ kan wọ́n lé Sàlàkọ́ àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀. Mo fi í rẹ́rìn-ín, Hanifah. Mo ní kó lọ máa fi ayùn rẹ̀ gé èékánná.

Nínú ọkọ̀ yẹn ló ti sọ fún mi pé odindi ọdún kan lòun fi ń gbé ayùn jáde nílé láàárọ̀, tí òun ń lọ jókòó sẹ́bàá ọ̀nà Ìjẹ̀bú-Ifẹ̀ títí di ìrọ̀lẹ́, kí ìyàwó òun má baà mọ̀. Ó ní òun kò parọ́ nítorí pé òun jẹ́ òpùrọ́. Ó ní ojú ló ń ti òun. Kò sọ ọ́ bí ẹni ń gbẹ̀san. Mo bẹ̀ ẹ́ níbẹ̀, ẹ̀bẹ̀ tó yẹ kí n ti bẹ̀ láti ogójì ọdún, ó ní kí n fi sílẹ̀, pé ọ̀nà ṣì jìn. Nǹkan tí mo ṣe fún un tó báyìí, síbẹ̀ òun náà ló tún bá mi lọ dọ̀bálẹ̀ fún ọmọ mi.

Ẹ̀gàn ni hẹ̀, ìkọ́kọrẹ́ yẹn dé ọ̀dọ̀ Zayd, ó jẹ ẹ́ tán lójú wa, ó ní ó tó ọdún mẹ́ta tí òun ti jẹ irú rẹ̀ kẹ́yìn. Ìyá rẹ ní kí n sọ ọ́ fún ọ, pé ohun tí òun sè kò ṣòfò.

Ibi tí lẹ́tà mi bá dé yìí ni mo máa ń béèrè owó. Ọwọ́ mi tilẹ̀ ti kọ ọ̀rọ̀ páànù tó ń jò kí n tó rántí ara mi, mo sì ti pa á rẹ́, bí o bá rí ibi tí yíǹkì ti dúdú kirikiri lókè yìí, má wulẹ̀ gbé e sójú oòrùn kà. Má fi nǹkan kan ránṣẹ́. Bó bá jẹ́ pé ìwọ náà ṣì ń múra jáde láàárọ̀ nítorí àwọn ará ilé rẹ, jọ̀wọ́ bọ́ aṣọ náà, kí o sùn. Kò sí ẹni tí ojú rẹ̀ gbọ́dọ̀ tì ọ́ nílé yìí. Èmi ni ojú tì, mo sì ti gba tèmi.

Kí Ọlọ́run fi èyí tó dára ju èyí tó lọ rọ́pò fún ọ. Kó ṣí ọ̀nà tí ẹ̀rọ kankan kò ní lè tì. Iṣẹ́ ọwọ́ rẹ, ìwọ ni yóò jẹ ẹ́, ẹlòmíràn kò ní kọ́ ọ lára rẹ tán kó wá lé ọ jáde. Àmín, láṣẹ Ọlọ́run.

Awakọ̀ tó gbé wa lọ ni yóò fún ọ ní lẹ́tà yìí, ó ní òun yóò gbé ọ bọ̀ lọ́jọ́ Sátidé láìgba kọ́bọ̀. Má pè mí láti sọ bóyá ò ń bọ̀ tàbí o kò bọ̀. Mo ti gbọ́ ohùn rẹ. Ojú rẹ ni mo fẹ́ rí.

Èmi ni bàbá rẹ,
Yẹ̀kínì.