Ta Ló Máa Gbé Apẹ̀rẹ̀ Lọ sí Ibojì?

Ajé, 5 Ọ́gọ́ọ̀sì
Wọ́n gbà mí síṣẹ́! Èmi Bun-hiông tó fi ilé ìwé sílẹ̀. Gbogbo ìlú Tainan, ní Taiwan níbí, ta ló tó mi lẹ́nu? Níbi tí wọ́n ti ń fọ ẹ̀jẹ̀ àwọn tí kíndìnrín wọn ti dáṣẹ́ sílẹ̀ ni. Dókítà Khó — Awò ni mo sọ ọ́, torí awò ojú rẹ̀ — kó ìbéèrè òyìnbó wá: báwo layé ṣe rí lára aláìsàn. Ó fẹ́ sọ ọ́ di tiwa. Èmi ni màá máa fi èdè ilé bi àwọn àgbà.

Ọjọ́rú, 7
Ìbéèrè kan ń bá wa jà. "Ṣé ẹ rò pé ara yín máa burú sí i lọ́dún tó ń bọ̀?" Ta ló ń bi aláìsàn bẹ́ẹ̀? Nínú oṣù táwọn òkú ń rìn kiri! Bàbá kan tutọ́ sílẹ̀. Ti ìyá àgbà kan, Ìyá Khiok, A-tik ọmọ rẹ̀ ló ń dáhùn gbogbo ẹ̀: "Dáadáa ni! Koko lara Màmá mi!" Níta, Bọ̀dá A-tik yìí gbá mi lọ́rùn ẹ̀wù mú. Ó ní ọkàn ìyá ti ń dáṣẹ́ sílẹ̀, ìyá ò mọ̀, mi ò gbọdọ̀ sọ fún un.
Mo fẹ́ jókòó sórí àpótí tó ṣófo lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyá. Ìyá ní, "Má jókòó síbẹ̀, ẹlẹ́nu rírùn. Ẹnì kan wà níbẹ̀."
Mo rẹ́rìn-ín.

Ẹtì, 9
Mo ti rí bí a ṣe máa bi wọ́n! "Lọ́jọ́ ìtọ́jú ibojì àwọn bàbá ńlá lọ́dún tó ń bọ̀, ta ló máa gbé apẹ̀rẹ̀ oúnjẹ?" Ẹni tára ẹ̀ le á ní òun ni. Ẹni tó ti rẹ̀ á ní ìyàwó ọmọ òun. Kò sẹ́ni tó tutọ́. Awò fẹ́rẹ̀ẹ́ gbé mi jó. Orí mi pé, jọ̀ọ́.

Ajé, 12
Mo bi Ìyá Khiok. A-tik ti lanu. Ìyá ní, "Gbẹ́nu ẹ dákẹ́." Ó wá kọjú sí mi: "Ẹni yòówù kó gbé e, kó má fi ẹ̀pà sí i. Mi ò léyín mọ́."
Àṣé òun ni wọ́n máa gbé e fún.
A-tik ní, "Ìyá, ta ló sọ fún yín?"
"Ta ló fẹ́ sọ fún mi? Ẹ̀rín yín ti pọ̀ jù. Ṣé wàá wá síbi ibojì mi?"
Ó ní òun á wá. Ó ń sunkún bí ọmọdé.

Ọjọ́rú, 14
Ìyá àtọmọ ń jà lórí àkàrà ibojì — olóyin àbí aláìlóyin.

Ajé, 19
Àga ìyá ṣófo. Àná, lọ́jọ́ tí gbogbo ilé ń gbé oúnjẹ síta fáwọn òkú, ló lọ.
A-tik wá kó aṣọ ìbora ìyá. Ó ti rẹ̀ ẹ́. Ó fẹ́ fìdí lé àpótí yẹn.
"Ẹ má jókòó síbẹ̀!" Mi ò mọ ìgbà tí mo pariwo.
"Kí ló dé? Ta ló wà níbẹ̀?"
Mo ní, "Ìyá ló ní ẹnì kan wà níbẹ̀." Ó wo àpótí náà. Ó rọra sún sẹ́yìn, bí ẹni tó ń yà fún àgbà.