Ẹ Kọjú Sí Wọn Kí Ẹ Tó Sọ̀rọ̀: Ìgbésí Ayé Màmá Agatha Fúnmiọlá Láníyì (1933–2014)

Ẹmùrẹ́-Ilé ni a bí Màmá wa sí lọ́dún 1933, sínú ìdílé Sylvanus Olúgbádé, àgbẹ̀ oníkòkó, àti Monica aya rẹ̀, ọmọ Ìjọ Àgùdà tọkàntọkàn. Ọmọ ọdún mẹ́jọ ni wọ́n nígbà tí ibà líle kan dí etí wọn méjèèjì. Ará ilé ní ó parí. Kò parí o! Monica a máa di ọmọ rẹ̀ mú ní àgbọ̀n, a sì máa rọra sọ̀rọ̀ sí i lójú, títí Màmá fi ń ka ọ̀rọ̀ lẹ́nu ènìyàn bí ẹni ń ka ìwé.

Tíṣà tó bá kọ ẹ̀yìn sí kíláàsì tó ń sọ̀rọ̀, Màmá á dìde lọ dúró láàárín òun àti pátákó. Wọ́n jẹ ẹgba lórí rẹ̀, wọn ò jáwọ́. Lẹ́yìn ìwé, wọ́n kọ́ iṣẹ́ aránṣọ ní Ọ̀wọ̀.

Ní 1954, Ambrose Láníyì, akọ̀wé kóòtù ní Ìfọ́n, gbé ṣòkòtò wá fún àtúnṣe, ó sì rí aya. Ìyá rẹ̀, Adéfúnkẹ́, fárígá pé adití kò ní wọ ilé òun. Bí Màmá bá ti yọjú, Ìyá á fi ìborùn bo ẹnu kí wọ́n tó sọ̀rọ̀.

Ní 1955, Fadá tí yóò so wọ́n pọ̀ ní irùngbọ̀n tó bo ètè rẹ̀ mọ́lẹ̀. Ó bi Màmá ní ìbéèrè mẹ́ta nínú katikísìmù, wọn ò dáhùn. Fadá ní ẹni tí kò lóye ẹ̀jẹ́ kò lè jẹ́ ẹ. Inú Ìyá Adéfúnkẹ́ dùn. Katikísì, olùkọ́ ẹ̀kọ́ ìgbàgbọ́ nínú ìjọ, tó fá àgbọ̀n rẹ̀ mọ́, ló tún ìdájọ́ náà sọ fún Màmá. Ni wọ́n bá dìde níwájú gbogbo ẹbí:

"Fadá, etí mi ló dí, orí mi ò dí. Irùngbọ̀n yín ló bo ọ̀rọ̀ yín. Ẹ jẹ́ kí katikísì bi mí."

Ogún ìbéèrè ni katikísì bi wọ́n. Wọn ò ṣi ẹyọ kan. Lọ́jọ́ ìgbéyàwó, Fadá ti gé irùn ètè rẹ̀.

Ní 1959, àìsàn ọ̀fun gba ohùn Ìyá Adéfúnkẹ́ ráúráú. Ètè ń mì, nǹkan kan ò jáde. Ọmọ wọn ò mọ ohun tí wọ́n ń fẹ́, nọ́ọ̀sì ò mọ̀. Màmá jókòó síwájú wọn. Ìyá fi ìborùn bo ẹnu. Ní ọjọ́ kẹta, Ìyá fúnra wọn ṣí i. Màmá wò wọ́n, wọ́n ní omi gbígbóná ni Ìyá ń bèèrè, àti ìdáríjì. Oṣù mẹ́jọ ni Màmá fi ṣe ohùn ìyá ọkọ wọn. Bí a bá ní wọ́n ṣe àánú, wọ́n á ní iṣẹ́ tí àwọn mọ̀ ni àwọn ṣe.

Ó ju ogójì ọdún lọ tí Màmá fi ránṣọ ní Ìfọ́n, wọ́n sì kọ́ ọ̀pọ̀ ọmọbìnrin níṣẹ́. Oníbàárà tó bá ń run orín bá wọn sọ̀rọ̀, wọ́n á fà á yọ lẹ́nu rẹ̀. Ṣé a ó purọ́ ni? Wọ́n le!

Ọmọ márùn-ún àti ọmọ-ọmọ mẹ́tàdínlógún ni wọ́n fi sílẹ̀ sáyé.

Ẹ̀yin èèyàn wa, ẹbí ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni káàánú wọn. Ohun kan ṣoṣo là ń bẹ̀bẹ̀ fún: bí ẹ bá dé ibi pósí, ẹ dúró sí ìhà ojú wọn. Ẹni tó bá ń sunkún, kó fi aṣọ ìnujú nu ojú; kó má fi bo ẹnu.

Màmá, gbogbo wa la kọjú sí yín: ẹ sùn re o.