Orúnkún Arúgbó

Ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ kẹrin oṣù karùn-ún
Wọ́n tún nà wá. Góòlù kan ṣoṣo, àárín ẹsẹ̀ mi ló gbà kọjá – èmi aṣọ́lé! Àmì kan péré la fi ṣíwájú báyìí, ó ku eré méjì kí wọ́n tó fi ife lé ẹgbẹ́ tó bá ṣíwájú lọ́wọ́. Ó ti rẹ gbogbo wa tẹnutẹnu. Àṣà wa ni pé ẹni tó bá ba eré jẹ́ jù ló ń gbé àpò bọ́ọ̀lù lọ sínú bọ́ọ̀sì. Mo bẹ̀rẹ̀ kí n gbé e. Arúgbó, balógun ẹgbẹ́ wa (inú ìwé yìí nìkan ni mo ti ń pè é bẹ́ẹ̀, lójú ẹ̀, Ẹ̀gbọ́n ni), gbà á lọ́wọ́ mi, ó gbé e kọ́ èjìká. Òun ló sì gbá bọ́ọ̀lù jù lónìí! Inú bí mi. Ẹ̀bi mi ni, kó jẹ́ kí n rù ú.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kẹfà
Òun ló tún gbé àpò lẹ́yìn ìdánrawò. Àwọn tó ń wọ́ ẹsẹ̀ nílẹ̀ lọ́sẹ̀ tó kọjá ń sáré bí ẹni tí ajá ń lé. Ojú ló ń tì wọ́n ni àbí kí ni? N ò mọ̀.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹjọ
Mo bá Arúgbó tó ń fi ẹ̀yìn sọ̀ kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn. Mo bi í. Ó ní orúnkún òun ti bàjẹ́. Dókítà ní bí òun bá tún gbá bọ́ọ̀lù ní sáà yìí, ọ̀pá lòun máa fi rìn. Ó di ọwọ́ mi mú.
"Má sọ fún ẹnì kankan o. Tí àwọn ọmọ yìí bá gbọ́, wọ́n á jókòó sílẹ̀."
Mo ní mo gbọ́. Kí ni mo gbọ́ gan-an?

Ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ kọkànlá
A borí, méjì sí òdo. Arúgbó sáré látìbẹ̀rẹ̀ dópin. Mo pariwo títí ohùn mi fi há. Lẹ́yìn náà ni mo wo orúnkún ẹ̀, mo gbójú kúrò.

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kejìlá
Ìyàwó Arúgbó pè mí. Ó ní, ọkọ mi kékeré, ẹ̀gbọ́n yín ní ẹsẹ̀ òun ti san, ṣé òótọ́ ni? Mo ní òótọ́ ni, mà. Ó ṣàdúrà fún mi.

Ọjọ́rú, ọjọ́ kẹrìnlá
Mo fẹ́ ife yẹn. Mo fẹ́ kí ẹsẹ̀ ẹ̀ náà yè. Ọkàn mi ò ṣe ọ̀kan.

Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ kẹrìndínlógún
Mo sọ fún kóòṣì. Kò tiẹ̀ gbójú sókè. Ó ní òun ti mọ̀ láti oṣù tó kọjá. Ó wá bi mí: "Ṣé èmi ni màá sọ fún Ẹ̀gbọ́n pé kó jókòó?" Mo jáde, mo rọra ti ilẹ̀kùn. Mo lọ bá ẹni tí ìjókòó ẹ̀ kángun sí tèmi ní yàrá tí a ti ń múra. Òun náà mọ̀. Èkejì ẹ̀ mọ̀. Gbogbo wọn ló mọ̀ – oníkálukú rò pé òun nìkan ni, ó wá ń sáré kí Ẹ̀gbọ́n má baà sáré púpọ̀. Wọ́n ní ẹni tó bá dákẹ́, tara ẹ̀ á bá a dákẹ́. Ara ẹlòmíràn ni àwa dákẹ́ lé lórí.

Ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ kejìdínlógún
A gba ife. Ọ̀kan sí òdo, ó ku ìṣẹ́jú márùn-ún. Arúgbó ló fi orí kan bọ́ọ̀lù wọlé. Ó bọ́ sílẹ̀, kò lè dìde mọ́. Nígbà tí fèrè dún, a gbé e lé èjìká yí pápá ká. Àwọn òǹwòran rò pé ayọ̀ ni. Ó ń rẹ́rìn-ín, ó ń wa eyín pọ̀.
Ìyàwó ẹ̀ dé kí a tó bọ́ bàtà. Ó wo orúnkún náà. Kò sunkún. Èmi ló kọjú sí.
"Ta ló mọ̀?"
"Gbogbo wa ni, mà."