Omi Odò Ti Pọ́n

Abúlé Òkè-Agbẹ́dẹ,
Oṣù Kẹrin, 1994.

Ṣàmsídéènì ọmọ mi,

Ṣé dáadáa lo wà? Ṣé ara Hàlímàt aya rẹ àti tàwọn ọmọ le? Ọlọ́run ò ní jẹ́ kí ilẹ̀ onílẹ̀ gbé ọ mì. A gbọ́ pé wọ́n dín iye owó Séfà yín kù ní Dúálá, ní Kamẹrúùnù lọ́hùn-ún, Ọlọ́run á dá a padà sí bó ṣe wà. Ìyá rẹ ń kí ọ, ẹsẹ̀ rẹ̀ ti fúyẹ́ díẹ̀.

Ojú ń tì mí láti kọ ìyókù. Oko wa orí òkè tí a ò dá mọ́ láti ìgbà tí o ti lọ, koríko ẹ̀kan ti gbà á, ó ga jù mí lọ. Nígbà tí ọyẹ́ dé tí kálukú ń ro ààlà tirẹ̀ kí iná má baà kọjá, ẹ̀yìn ń dùn mí, mi ò ro tèmi. Mi ò sì lè bẹ ọ̀wẹ̀, torí fọ́tò rẹ tí o fi ránṣẹ́. Èmi náà ni mo gbé e káàkiri, mo ní ẹ wo ilé alájà méjì tí ọmọ mi kọ́ sí Bonapriso, àdúgbò àwọn olówó ní Dúálá, òyìnbó tó ń bomi sí òdòdó lẹ́yìn rẹ̀ yẹn, ọmọ ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni. Báwo ni bàbá irú ọmọ bẹ́ẹ̀ ṣe máa bẹ ọ̀wẹ̀? Ẹnu mi ló kó bá mi.

Iná gba inú ẹ̀kan wa wọ oko kajú Ọlárìndé tó bá wa pààlà, ó jó o ráúráú. Òjò àkọ́rọ̀ dé, kò bá ewé kankan nílẹ̀ tó máa dá omi dúró, ló bá wọ́ erùpẹ̀ òkè wa sínú odò. Omi pọ́n, ẹja ò sí mọ́. Àwọn obìnrin ń ru omi náà kọjá níwájú ilé mi, wọn ò bú mi, wọ́n kàn ń kí mi kú ìjókòó.

Mo lọ pè ọ́ lórí tẹlifóònù ní ilé ìfìwéránṣẹ́. Obìnrin kan ló ń sọ Faransé nínú rẹ̀. Mo ro ẹjọ́ náà fún un látòkèdélẹ̀, ọ̀rọ̀ kan náà ló ń tún sọ, kò sì bínú. Bó bá jẹ́ ìyàwó kejì ni, o ṣe é re, ó ní sùúrù, ṣùgbọ́n kó máa jẹ́ kí àgbà parí ọ̀rọ̀.

Nípàdé abúlé, Ọlárìndé bi mí pé, "Bàbá Ṣàmsù, ṣé ọmọ yín mọ̀?" Mo ní o mọ̀, mo ní o ń bọ̀. Irọ́ ni mo pa.

Fi owó ọkọ́ méjì ránṣẹ́, kí ìwọ náà sì tẹ̀ lé e, ọ̀sẹ̀ méjì péré, ká kọ ebè sí ìbú òkè náà kí erùpẹ̀ tó kù má baà lọ. Kí Ọlọ́run ṣọ́ ọ lójú ọ̀nà, kó má jẹ́ kí ojú tì ọ́ bó ṣe tì mí. Ọlárìndé ti ní ọjọ́ tí o bá dé, òun àtàwọn ọmọ òun á wá bá wa kọ ọ́. Ọlárìndé tí iná oko mi jó lóko ló sọ bẹ́ẹ̀, Ṣàmsù.

Èmi ni bàbá rẹ,
Bàdámọ́sí.